Wọ́n Ní Kó Rọra, Ó Dáhùn Pé Yauwa

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí mo máa ń rántí ṣáá. Oòrùn àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Dadin Kowa, ní ìlú Jos, òtútù ọyẹ́ ṣì wà lára ògiri, ọkọ mi sì jókòó sórí àpótí pẹ̀lú súwẹ́tà rẹ̀ tó nípọn, ó ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán bàtà Yẹmisí tí okùn rẹ̀ já. Kò mọ bàtà í rán. Gbogbo ìgbà tó bá fa òwú náà ni yóò já, Yẹmisí yóò bú sẹ́rìn-ín, òun náà yóò bú sẹ́rìn-ín. Èmi ń bó ọ̀dùnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ní kó jẹ́ kí a gbé bàtà náà fún aránbàtà kó má baà rán ìka ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní, “Ìyá Yẹmisí, kí ni mo tún fẹ́ fi òní ṣe? Ṣebí Sátidé ni.” Ọ̀rọ̀ náà kò jọ mí lójú nígbà náà. Ta ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò jọ lójú? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdé tó tẹ̀lé e ni ìròyìn dé pé yunifásítì ti gbà á wọlé, láti ọjọ́ náà n kò sì tún rí i kó jókòó láìṣe nǹkan kan mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, olùkọ́ ni mí, ẹ̀rù ìwé sì ń bà mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí mo ti ń kọ èyí, ìwé wà lórí tábìlì níwájú mi. Mo ti ṣí i, mo ti pa á dé, mo tún ti ṣí i, àyà mi sì ń lù kìkìkì bí àyà ẹni tí wọ́n ń lé. Ìdánwò kan ṣoṣo ló kù kí èmi náà gba dìgírì. Ó yẹ kí inú mi máa dùn. Àmọ́ ojú ọ̀nà tí mo wà yìí gan-an ni ọkọ mi ti ṣubú, nígbà tó ku díẹ̀ kó dé ibi tó ń lọ. Ọmọ méjì ló fi sílẹ̀ fún mi. Bí èmi náà bá ṣubú, ta ni yóò gbé wọn dìde? Ọ̀rọ̀ yìí ló ń jẹ mí lọ́kàn, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò.

Ìlú kékeré kan ní Èkìtì ni wọ́n ti bí àwa méjèèjì. Ogun abẹ́lé kò tíì pẹ́ tó parí nígbà tí a wá sí Jos, torí pé wọ́n ń wá olùkọ́ níbẹ̀ lójú méjèèjì. Ìwé ẹ̀rí tí gbogbo ayé ń pè ní Gírédì Tuù ni àwa méjèèjì ní, ojúlówó ìwé ẹ̀rí ni láyé ìgbà náà. Ẹni tó bá ní in, bí ó bá ń kọjá lọ, àwọn ènìyàn a máa ṣí fìlà fún un. Òtútù Jos fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wa padà sílé lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, ó mọ́ wa lára. A kọ́ Hausa díẹ̀díẹ̀, èyí tí a fi ń ra tòmátì àti ata, tí a fi ń kí aládùúgbò. “Sannu,” wọn a wí. “Yauwa,” àwa a dáhùn. Yẹmisí ní tirẹ̀, Jos ni wọ́n bí i sí. Bí ó bá ń ka owó, ó di Hausa. Bí ó bá ń lá àlá, ó di Hausa. Yorùbá rẹ̀ sì máa ń mú bàbá rẹ̀ káwọ́ lérí.

Kí wá ni ó lé ọkọ mi sínú eré ìje? Nígbà tí ìjọba sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, ilé-ìwé pọ̀ bí èèrùn, àwọn ọ̀dọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí ńláńlá sì dé. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá lórí ilé-ìwé tí ọkọ mi ti ń kọ́ni ní Dilimi. Ẹ ò ní gbàgbọ́: ọmọ tí ọkọ mi fúnra rẹ̀ kọ́ ní kíláàsì kẹta nílé ni! Ọmọ náà kò ya aláìmoore o. Láràárọ̀ tí ọkọ mi bá wọ ọ́fíìsì rẹ̀, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja, yóò ní, “Ẹ káàárọ̀, Tíṣà mi.” Bí ó bá dìde tán, yóò jókòó sórí àga ńlá, ọkọ mi yóò sì wà lórí ìdúró. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn gan-an ló ń dun ọkọ mi ju ìdúró lọ. “Bí ó bá tilẹ̀ gàn mí,” ó sọ fún mi nígbà kan, “ǹ bá mọ ohun tí mo máa wí. Ó ń dọ̀bálẹ̀!” Ẹni tó ti lé lógójì ọdún, tí ó bá rí ọmọ tó kọ́ ní a-bí-dí tó kọjá lára rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ a dà bí ẹni pé ó fẹ́ ká a mọ́ ọ̀nà oko. Báyìí ni ọkọ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Láàárọ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Dilimi. Lọ́sàn-án, ó ń kọ́ àwọn ọmọ oníṣòwò ní léṣọ̀n ní Angwan Rogo. Ìrọ̀lẹ́, ó di yunifásítì. Bí ó bá dé, oúnjẹ tó bá jẹ, ìdúró ló ń jẹ ẹ́, yóò sì jókòó ti ìwé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ti gba dìgírì sọ fún un pé bí oorun bá ń kùn ún, kó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ báàfù omi tútù, oorun yóò sá. Òótọ́ ni, ó sá fún àwọn. Ìbàdàn ni àwọn ti kàwé! Omi tútù Ìbàdàn, ṣé òun ni omi tútù Jos? Ẹ̀yin tí ẹ mọ omi Jos nígbà ọyẹ́, ẹ mọ̀ ọ́n: omi tí èèyàn á fi bọ́jú tí eyín á máa lu ara wọn. Inú omi bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, èmi ni mo sì ń pọn ọ́n fún un. “Ẹ kú ìrọ́jú,” n óò wí, n óò gbé báàfù kalẹ̀. Bí ẹsẹ̀ náà bá jáde, á ti funfun, á ti hunjọ bí ẹsẹ̀ ẹni tó kú sómi. A máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ láàárín ara wa.

Aládùúgbò wa kan wà, Ìyá Sèfí, obìnrin Ìlọrin tó ń ta obì. Kò kàwé, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìlẹ̀kùn. Nígbà tó rí i pé ọkọ mi ń ra obì lójoojúmọ́ láti fi lé oorun, ó dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Tíṣà, àwọn ọmọ ilé kéwú gan-an máa ń sinmi. Bí Alámìísì bá dé, wọn a kó wàláà wọn tì, ó di lẹ́yìn Jímọ̀. Ìwé tiyín yìí, ṣé kò ní Jímọ̀ ni?”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. “Ìyá Sèfí, kékeré ni àwọn ọmọ yín ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ti pẹ́ lẹ́yìn. N kò ní Jímọ̀.”

“Háà! Tíṣà tí kò ní Jímọ̀! Ẹ ra obì yín, ẹ máa lọ. Ọjọ́ tí ìwé bá lé yín wá sílé mi, n kò ní ṣílẹ̀kùn o.”

A jọ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà ni.

Ó rù. Ojú rẹ̀ wọnú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé orí ń fọ́ òun láti ẹ̀yìn ọrùn, pé bí òun bá ka ojú ewé kan tán òun kì í rántí ohun tó wà níbẹ̀, òun á tún pa dà sí òkè. Àbúrò Yẹmisí bá a ṣeré lọ́jọ́ kan, ó jágbe mọ́ ọn; ẹ̀yìn náà ló wá ń bẹ ọmọ ọdún mẹ́rin pẹ̀lú omi lójú. Mo ní, “Bàbá Yẹmisí, ẹ sinmi díẹ̀.” Ó ní, “Bí mo bá ṣe ìdánwò tán.” Ìdánwò kan tán, òmíràn dé. Bí àgbàlagbà bá ń kàwé, kì í ṣe ìwé nìkan ló ń kà: ó ń ka ọdún tó ti lọ, ó ń ka ọdún tó kù, ó ń ka iye ènìyàn tó ti kọjá lára rẹ̀. Ta ló lè ka gbogbo èyí pọ̀ kí ojú rẹ̀ má ṣú?

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ ìdánwò, òun àti Yẹmisí jọ jáde. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà níwájú àdúgbò wa, ẹ̀rọ omi gbogbo ènìyàn wà ní ìdí rẹ̀, tí Yẹmisí máa ń pè ní famfo. Àwọn obìnrin tò síbẹ̀ pẹ̀lú garawa. Ọkọ mi ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà kánmọ́kánmọ́, ìwé ní abíyá, ó sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn obìnrin náà ké sí i: “Sannu, Malam! Sannu! Sannu, sannu!” Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Yauwa, yauwa,” kò dúró. Kò tíì dé òkè tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sinmi. Lẹ́yìn náà ó dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, kò lajú mọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé ó ti pẹ́ lára rẹ̀, pé ó yẹ kó ti máa wá kí àwọn máa wò ó. Ìgbà wo ni ìbá lọ? Ọjọ́ wo ni Jímọ̀ rẹ̀?

A gbé e lọ sílé ní Èkìtì, a sin ín, mo sì kó àwọn ọmọ pa dà sí Jos torí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà. Ọjọ́ kan tí mò ń di irun fún Yẹmisí, ó dédé sọ pé, “Màmá, Bàbá ò gbọ́ ohun tí wọ́n wí.”

“Ohun tí ta ni wí?”

“Àwọn màmá ibi famfo. Wọ́n ní ‘sannu, sannu,’ Bàbá wá ní ‘yauwa’.”

“Wọ́n kí i ni, ó sì dá wọn lóhùn.”

“A’a! Wọn ò kí i. Tí wọ́n bá kí èèyàn, wọn kì í ṣe é báyẹn. Wọ́n ní kó rọra ni.”

Ìyarun bọ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo ọdún tí a ti lò ní ìlú yìí, tí a ń gbọ́ sannu láàárọ̀ àti lálẹ́, ìkíni ni a mọ̀ ọ́n sí! Wọ́n ní kó rọra, ó ní ẹ ṣeun. Ẹni tó máa ṣubú ni wọ́n ń ké sí, ó gbé ọwọ́ sókè sí wọn bí olóṣèlú. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé kì í ṣe pé a ò ní irú rẹ̀ lédè tiwa. Kí ni pẹ̀lẹ́? Pẹ̀lẹ́ ni a fi ń kí ara wa, pẹ̀lẹ́ ni a ń sọ fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni a sì ń sọ fún ẹni tó gbé ìkòkò. Àwọn àgbà ní igbá onípẹ̀lẹ́ kì í fọ́. Èmi tí mo mọ gbogbo èyí, “ẹ kú ìrọ́jú” ni mò ń wí, tí mo sì ń pọn omi tútù.

Ẹ ó rò pé lẹ́yìn èyí, n kò ní fojú kan ìwé mọ́. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọdún ń gorí ọdún, àwọn ọmọ ń dàgbà, owó iṣẹ́ Gírédì Tuù kò sì tó gbé ìdílé olórí kan mọ́. Mo tún ń rí tábìlì ọkọ mi láràárọ̀ bí iṣẹ́ tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ tí kò parí. Nígbà tí àǹfààní yọ pé kí olùkọ́ máa fi ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ àti ìrọ̀lẹ́ kàwé, mo forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí a ń pè ní Màmá Ìjerò, gbọ́, ó sì wọkọ̀ wá láti ilé. Kò jókòó tán tó fi bẹ̀rẹ̀.

“Ìwé tó pa àbúrò mi, òun lo tún lọ ń fẹ́?”

“Ẹ̀yin Màmá, ìwé kọ́ ló pa wọ́n.”

“Kí ló pa á? Ijó? Ṣé o fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí wá máa pe èmi arúgbó ní ìyá àti bàbá ni?”

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá a lọ.

Ẹ̀rù náà ló sì mú mi ṣe ohun tó yà mí lẹ́nu. Ó yẹ kí ẹni tó ń bẹ̀rù máa rọra. Èmi sáré ju ọkọ mi lọ. Mo rò pé bí mo bá tètè kà á tán, ẹ̀rù yóò tán. Mo gba iṣẹ́ tó yẹ kí n pín sí ọdún méjì mọ́ ọdún kan. N kò ki ẹsẹ̀ bọ omi, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìdúró ni mo fi ń kàwé kí oorun má baà gbé mi. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Mo kọ déètì ọjọ́ kan náà sí ojú pátákó lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn ọmọ kíláàsì ń wo ara wọn. Mo bu iyọ̀ sí tíì. Mo pe ọmọ tí mo ti ń kọ́ láti ọdún tó kọjá, orúkọ rẹ̀ kò wá sí mi lẹ́nu. Bí mo bá ka ojú ewé kan tán, funfun ni, kò sí nǹkan kan, mo sì mọ ibi tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ẹ̀yìn ọrùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan, mo ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, àpò ìwé ní èjìká, mo ti pẹ́, mò ń sáré. Àwọn obìnrin wà nídìí famfo. Ọ̀kan ké sí mi, “Sannu, Malama!” Ẹnu mi ti ń lọ sí yauwa. Ó tún ní, “Sannu, sannu!” Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo sọ àpò kalẹ̀, mo jókòó sórí àpáta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo bú sẹ́kún láàárín àwùjọ.

Wọ́n yí mi ká. Ọ̀kan da omi sí mi lọ́wọ́ kí n fi bọ́jú. Òmíràn ń bú mi tìfẹ́tìfẹ́: “Ina za ki? Littafin zai gudu ne?” Níbo lò ń lọ, ṣé ìwé náà fẹ́ sá ni? Ìyá Sèfí náà ti dé pẹ̀lú igbá obì rẹ̀ lórí. Ó wò mí, ó wo àpò mi, ó ní, “Ìyá Yẹmisí, òní ni Jímọ̀ rẹ. Bí kì í bá ṣe Jímọ̀, mo sọ ọ́ di Jímọ̀. Dìde, ká lọ sílé.” Obìnrin tó da omi sí mi lọ́wọ́ sọ òwe wọn kan fún mi bí mo ti ń dìde: “Sannu ba ta hana zuwa.” Ẹni tó ń rọra lọ yóò dé.

N kò lọ síbi tí mò ń lọ. Ọsibítù ni mo gbà lọ. Ẹ̀jẹ̀ mi ti ń gòkè, àmọ́ kò tíì dé ibi tí ti ọkọ mi dé. Wọ́n fún mi ní oògùn, wọ́n ní kí n máa sùn. Mo lọ bá ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa ní yunifásítì, mo ṣàlàyé, wọ́n sì gbà kí n tún iṣẹ́ náà pín. Kò dùn mọ́ mi o, kí n má purọ́. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ kọjá lára mi, wọ́n gba dìgírì wọn, wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀, mo lọ bá wọn yọ̀. Ìrora ọkọ mi nínú ọ́fíìsì ọjọ́sí wá yé mi dáadáa. Ṣùgbọ́n bí aago tí mo fún ara mi bá ti lù lálẹ́, mo ń pa ìwé dé, ìbáà jẹ́ àárín gbólóhùn ni mo wà. Bí Sátidé bá sì dé, n kì í ṣí i rárá. Yẹmisí tó ti di ọ̀dọ́mọbìnrin ló ń ṣọ́ mi. Bí ó bá rí mi tí mò ń rìn sún mọ́ tábìlì, á ní, “Màmá, Jímọ̀ o!” ní Sátidé.

Nísinsìnyí, ó ku ìdánwò kan, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti lẹ ọjọ́ ìdánwò náà mọ́ ara ògiri ní yunifásítì ni àyà mi ti tún bẹ̀rẹ̀. Mò ń sùn, mò ń lo oògùn mi, síbẹ̀ bí mo bá ti fọwọ́ kan ìwé, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ni mò ń rí. Màmá Ìjerò ti ránṣẹ́ pé kí n fi í sílẹ̀, pé ẹni tó fi ìwé sílẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan. Ìyá Sèfí ní kí n lọ, pé kí n ṣáà máa lọ bí ìgbín. Ti Yẹmisí yàtọ̀. Ó ń wò mí ni, mo sì mọ ohun tó ń wò. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba irú ọ̀nà yìí kọjá, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ jókòó ní gbọ̀ngàn ìdánwò náà, àbí kí n sún un sí ọdún tó ń bọ̀? Ṣé ẹ̀rù lásán ni, àbí ara mi ló ń sọ fún mi pé sannu, tí èmi náà fẹ́ dáhùn pé yauwa? N kò lè dá a mọ̀ mọ́. Ẹ̀yin àgbàlagbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó dá mi lójú ni mo lè sọ fún yín: bí àwọn ènìyàn bá ń pè yín lọ́nà, ẹ dúró, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí dáadáa kí ẹ tó dáhùn.

Tábìlì ọkọ mi wà níbi tó wà. Báàfù náà ti wà lẹ́yìn ilé, mo gbin àlùbọ́sà eléwé sínú rẹ̀, ó sì ń hù dáadáa nínú òtútù yìí. Ọ̀la ni Sátidé. Okùn bàtà àbúrò Yẹmisí ti já, n óò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, n óò rán an.